Àlàájì Tó Ń Wa Bọ́ọ̀sì Hájì

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ sùn sí Mẹ́kà,

Mi ò mọ bí ó ṣe yẹ kí n kí yín lónìí. Láti àná ni mo ti ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Mo ti padà sílé ìwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ iye ọdún tí mo jẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ni, níbí ní Jẹ́dà, sosiọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn gbé. Olùkọ́ wa ní kí kálukú wá òṣìṣẹ́ àgbà kan lọ, kí a bi í léèrè bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá, bí kò ṣe Bàbá Sàlíù, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ fi gbogbo ayé yín wa bọ́ọ̀sì àwọn tó wá ṣe Hájì? Kúdáì, ní Mẹ́kà níbẹ̀, ni wọ́n ṣì ń gbé.

Mo bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n ṣe Hájì tiwọn. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n kọjá sí ìbéèrè tó kàn ni. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn fẹ̀yìn tì làwọn tó rí i ṣe. Wọ́n wá fi kún un, wẹ́rẹ́ báyìí, pé ẹ̀yin lẹ kú kó tó kàn yín.

Bíírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Àlàájì ni gbogbo ayé ń pè yín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyàwó Àlàájì ni wọ́n ń pe màmá mi ní Ìbàdàn títí dòní. A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀! Bàbá Sàlíù ṣàlàyé fún mi: àsìkò Hájì ni àsìkò iṣẹ́, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Lọ́dọọdún lẹ ń dé Àráfà, pápá tí Hájì kò lè pé láìdúró síbẹ̀, nínú ṣòkòtò iṣẹ́, láìsí aṣọ funfun, láìsí àníyàn láti ṣe Hájì.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ṣé ojú ló ń tì yín ni? Inú bí mi, n ò ní purọ́. Mo ń bá yín jà nínú mọ́tò láti Mẹ́kà títí dé Bahra lójú ọ̀nà Jẹ́dà, ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà á lọ́wọ́ ìbínú. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń kó ẹsẹ̀ bàtà kan-kan tí wọ́n gbàgbé sínú bọ́ọ̀sì wálé, tí ẹ óò fọ̀ ọ́, tí ẹ óò tò ó sójú fèrèsé, bí ẹni pé ẹni tó ni ín máa padà wá gbà á láti Ṣakí.

Mo ti bi ẹni tó mọ̀. Ọmọ tó bá ti ṣe tirẹ̀ lè ṣe é fún òbí rẹ̀ tó ti kú. Mo ti kọ̀wé béèrè fún ìwé àṣẹ Hájì, àmọ́ àwọn tí kò ṣe é rí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún. Bí wọn ò bá fún mi lọ́dún yìí, màá tún béèrè lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Lọ́dún tí mo ṣe tèmi, ẹ̀yin lẹ sáré ìwé àṣẹ mi, bọ́ọ̀sì yín ni mo sì wọ̀. Ní Àráfà, gbogbo àwa èrò bọ́ sílẹ̀. Mo gbé báàgì mi fún yín, mo ní kí ẹ má sùn lọ o, torí fóònù mi wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e lé itan. Mi ò bi yín bóyá ẹ fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ẹ fẹ́ràn ju ara yín lọ.