Ẹfun Lára Mọ́tò Dúdú

Màámi,

Ara mi le, ẹ má ṣèyọnu. Ọ̀gá ní kí n ṣọ́ mọ́tò dúdú òun lọ́dún omi yìí, tí tẹrú-tọmọ ń da omi tí wọ́n sì ń fi ẹfun kun ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹfun kùn ún. Mo ti fi ìda nù ún títí ó fi ń dán bíi dígí. Àfi bí ìyá ọ̀gá ṣe gbé abọ́ ẹfun dé, tí wọ́n ń fi kun mọ́tò náà, tí wọ́n ń súre fún un. Ta ni yóò di ọwọ́ àgbàlagbà mú? Wọ́n tún bi mí pé, "Ìyá tìẹ ńkọ́, o ò ní lọ bu omi ọdún sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n súre fún ọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín.

Kí n tó rí i fọ̀, oòrùn ti sá ẹfun gbẹ, ó ti jẹ ọ̀dà. Ọ̀gá ní, "Thongdi, ojú ẹ fọ́ ni? O ò relé títí àpá yìí á fi lọ."

Ẹ kí gbogbo ilé. Kí Kanda àbúrò mi bá mi bu omi sí yín lọ́wọ́. Ọwọ́ tèmi ò tíì kúrò lára mọ́tò.