Obìnrin Inú Tẹlifóònù Yọmí

Ilé Bàbá Rufus,
Ẹ̀yìn Ìjọ Àgùdà,
Ute.
Oṣù Kẹta, 1994.

Fúnmiọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú ooru Èkó, kú àìráàyè. Èmi àti ìyá rẹ ṣì ń mí, ẹ̀fọ́rí ló kàn ń bá ìyá rẹ ṣọ̀rẹ́. Ọlọ́run yóò dá ọ sí, kò ní jẹ́ kí o torí ohun tó o lọ wá ní Èkó sọ ohun tó o fi sílẹ̀ nílé nù. Àmín.

Yọmí, ọmọ rẹ tó o gbé wá fún wa nígbà tó pé oṣù márùn-ún kí o lè ráàyè kọ́ iṣẹ́ báǹkì, ti pé oṣù mọ́kànlá báyìí. Mo ń rán ọ létí ni, bóyá ìwé ti pọ̀ jù lórí tábìlì rẹ. Ó ti hu eyín, ó sì ti fi gé ìyá rẹ jẹ ní èjìká.

A rí páálí tuntun tó o fi rán Tàjúdéènì awakọ̀ gbà. A dúpẹ́ púpọ̀. Ọmọ tó ń fi páálí ránṣẹ́ sílé dára ju èyí tó ń wá sílé lọ, àbí bí wọ́n ṣe ń wí i ní Èkó kọ́ nìyẹn? Tàjúdéènì jíṣẹ́ rẹ pé ìwé òyìnbó sọ pé oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní ohun ìṣeré tirẹ̀, pé ìkókó a máa wo ohun dúdú àti funfun, èyí tó ń jókòó a máa gbọn ohun tó ń dún, èyí tó ń rá a máa lé ohun tó ń yí, kí a má sì ṣi ọ̀kan fún èkejì kí ọpọlọ ọmọ má bàa dàrú. Ìyá rẹ tó tọ́ ọmọ mẹ́fà, tí ìwọ náà wà nínú wọn, bú sẹ́kún pé òun ti ba gbogbo yín jẹ́, torí pé ìkarahun ìgbín kan náà ni ẹ fi ṣeré láti ìgbà tí ẹ ti ń jókòó títí ẹ fi wọ iléèwé. Mo ní kó fara balẹ̀, pé ìwọ ṣáà fi ọpọlọ dídàrú yẹn dé báǹkì.

Àwòrán dúdú àti funfun tó wà nínú páálí àkọ́kọ́, òjò ti pa á kó tó dé, nítorí náà mo so ewúrẹ́ ìyá rẹ, èyí tó dúdú tó ní funfun níwájú orí, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹní Yọmí. Ọmọ náà wò ó dáadáa. Ewúrẹ́ náà wo ọmọ náà, ó sì jẹ fìlà rẹ̀.

Ní ti àwọn bíríkì kéékèèké aláwọ̀ mèremère yẹn, a kò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n kọ nọ́ńbà 3 sára páálí wọn, wọ́n sì fa àgbélébùú kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Boniface, katikíìsì ìjọ wa, ó wò ó títí, ó ní Mẹ́talọ́kan ni, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi sẹ́nu. Páálí náà ti wà lórí pẹpẹ níwájú ère Màríà báyìí, o sì mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Mo fẹ́ fún Ìyá Ṣẹ̀fíátù aládùúgbò wa ní díẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní àwọn dúpẹ́, Mùsùlùmí ni àwọn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tó wú wa lórí jù ni tẹlifóònù pupa tó o ní ó bá ọmọ oṣù mẹ́wàá mu. Mo ní o ti rí ọ̀nà tí o ó fi máa bá wa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ti ilé ìjọba ní Ọ̀wọ̀, wáyà ló gbé e dúró, tìrẹ kò ní wáyà rárá, bátìrì ló ń jẹ. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá tí mo fi ń lọ sí ìsìn, mo pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e. Ó kí mi ní èdè òyìnbó, mo dáhùn, mo bèèrè rẹ, ó kọrin fún mi, ó sì pa á. Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń pè, òun náà ló sì ń gbé e. Mo ti ní kó sọ fún ọ pé ọmọ ti ń dìde dúró, pé ara rẹ̀ gbóná, pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ṣé kì í jíṣẹ́ ni? Ìyá rẹ ń bẹ̀rù pé orogún rẹ ni, pé ọkọ rẹ ti lọ fẹ́ ẹni tó gbọ́ òyìnbó jù ọ́ lọ. Èmi ní akọ̀wé rẹ ni, pé ẹni tí kò ráàyè wá sí Ute, níbo ni yóò ti ráàyè gbé tẹlifóònù fúnra rẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé yìí ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ mú Yọmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi na ọwọ́ sí i láti orí àga mi, à ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ fún un. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ni adìẹ bá tẹ tẹlifóònù tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Ọmọ náà yà kúrò lọ́dọ̀ mi, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé òmíràn, ó ṣubú lé tẹlifóònù náà, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì pè é ní màámá. Ìyá rẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dùn mí, Fúnmiọlá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ máa rìn, ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí ló rìn lọ.

Bátìrì náà ti ń kú báyìí, ohùn obìnrin náà ti ń fà bíi ti ọ̀mùtí, ọmọ sì ń gbọn ọ́n, ó ń sunkún lé e lórí. Mo ti wá irú bátìrì bẹ́ẹ̀ dé Ọ̀wọ̀, n kò rí i.

Ní ti owó, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Tàjúdéènì ní o ti ń tọ́jú owó ohun ìṣeré ọmọ oṣù méjìlá. Má rà á. Fi owó náà wọ ọkọ̀. Bó bá ṣẹ́ kù, ra oògùn ẹ̀fọ́rí fún ìyá rẹ, kí o sì ra fìlà fún ọmọ, torí ewúrẹ́.

Olúwa yóò gbé ọ ga, yóò fi àánú sí ọ̀gá rẹ nínú kó lè fún ọ láyè, ọ̀nà yóò là fún ọ láti Èkó títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Kí o tó máa bọ̀, jọ̀wọ́ bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, kí o kọ́ orin náà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Láti ìta ni kí o ti máa kọ ọ́ bọ̀, kí ọmọ rẹ lè mọ̀ pé ìyá òun ló dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rufus Akínwọlé.