Màmá Ń Dá Rélùwéè Dúró ní Ọ̀yìngbò

Àǹtí mi Sàrátù,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí àwọn ọmọ àti gbogbo ará Òkè-Àgbọn. Àlàáfíà la wà ní Muṣin. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá fún Ṣítù ọkọ mi ní Ládìpọ̀, ṣùgbọ́n à ń jẹun. Ẹsẹ̀ tó ń dun ẹ̀gbọ́n yín, màmá mi, ti fúyẹ́, àmọ́ iyè wọn ń ra.

Ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ yẹn ló kó mi sí wàhálà. Mò ń ná ata ní Ọ̀yìngbò lánàá, ni mi ò bá rí Màmá mọ́. Àṣé wọ́n wà láàárín irin, wọ́n ti tú gèlè pupa wọn, wọ́n ń fi juwọ́ sí rélùwéè tó ń bọ̀, bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe máa ń dá rélùwéè oko yín dúró láyé ọjọ́sí, kó lè bá yín gbé gàrí kọjá ẹnubodè.

Àǹtí, ti Èkó kì í dúró! Ọlọ́run ló ní kí aláàárù kan fà wọ́n kúrò.

Mo ní, "Màmá, rélùwéè yẹn ti kú tipẹ́, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀."

Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Sàrátù ń dúró dè mí ní tésàn."

Mò ń tilẹ̀kùn mọ́ wọn báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wá kọ́kọ́rọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ẹ má wé gèlè pupa o. Tí wọ́n bá ti rí yín níbí, ta ni wọ́n tún fẹ́ lọ bá? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ọ̀fọ̀ ni yóò pè yín wá.

Ọmọ yín,
Nàfísátù