Táyà Tó Lè Gun Òkè Dé Ọ̀dọ̀ Mi

Kíákíá, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé o jí dáadáa, ṣé orúnkún kò dùn ọ́, ṣé àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ ń jẹ́ kí o mí? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ rẹ. Kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì máa yí, kí mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ ní bíréèkì, kí ẹni tó ń wà á ní làákàyè. Àmín. Ara tèmi le. Ẹ̀yìn ń ro mí, àmọ́ ó ti ń ro mí kí n tó bí bàbá rẹ, nítorí náà kì í ṣe ìròyìn.

Télọ̀ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, obìnrin tó ń ránṣọ níwájú ilé wa. Mo ní kí ó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kí ó má yọ ìkankan, kí ó má sì fi tirẹ̀ kún un. Ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ gígùn tí ọwọ́ náà sì tètè dúró, mo ti mọ̀ pé ó gé mi kúrú nìyẹn.

Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ti wọ́, ńṣe la máa ń gbé e sókè kí ó tó lè tì. Aládùúgbò wa tó jẹ́ tíṣà ti fẹ̀yìntì, ó wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ń bẹ ìjọba kí wọ́n gbà á padà. Ìròyìn ilé tán. Ó ku ọ̀rọ̀ tó mú kí n pe télọ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà ni.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi, mo dá ọ lóhùn, o kò dúró gbọ́ mi, ńṣe ni o ń sọ tìrẹ lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó tún un tẹ̀, mo tún dá ọ lóhùn, o tún já lu ọ̀rọ̀ mi. Télọ̀ ní o kò sí níbẹ̀, pé ohùn rẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní ta ló ń rán ohùn níṣẹ́ tí kì í fi etí tẹ̀ lé e?

O ní táyà kẹ̀kẹ́ rẹ ti jẹ, pé o fẹ́ ra tuntun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, fún ìdánrawò tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ máa ń ṣe ní òwúrọ̀ Sátidé. O ní ọkàn rẹ wà lórí méjì. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, eré ló mọ̀. Èkejì fẹ̀, ó nípọn, ó ní ilà wẹ́wẹ́ lára, kò sí ohun tí òjò tàbí oòrùn lè fi ṣe. O ní ọ̀gá tó ń kọ́ yín ní kí o ra tẹ́ẹ́rẹ́. O ní Màmá Títì náà ti ní òun máa bá ọ ra tẹ́ẹ́rẹ́. O wá ní kí èmi gbàdúrà sí i.

Èmi kò gbàdúrà. Inú bí mi.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, kí ni o ṣì ń kọ́? Bàbá rẹ kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ níwájú ilé yìí lójú mi, kò gba ju ọjọ́ kan lọ. Nígbà tí mo sọ fún àwọn èèyàn níbí pé o ṣì ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ní ìlú ńlá, pé o tilẹ̀ ní ọ̀gá, wọ́n wo ara wọn lójú. Mo ní bóyá kẹ̀kẹ́ tibẹ̀ le jù.

Télọ̀ ń bi mí báyìí kí ló dé tí a fi ń pè é ní Màmá Títì. Kí ó kọ ọ́: òun ni ìyá tó bí ìyá rẹ. Etí títì tó jáde láti ìlú yín ló kọ́lé sí, ọ̀dà dúdú ni láti ẹnu ọ̀nà rẹ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Èmi, orí òkè ni mo wà, lẹ́yìn ibi tí ọ̀dà ti parí tí òkúta àti ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo fún wa lórúkọ nígbà tí o kéré. O ní Màmá Títì, o ní Màmá Òkè. Nígbà yẹn mo rò pé èmi lo fi ṣe ọ̀gá.

Télọ̀ ti fi hàn mí nínú fóònù ibi tí wọ́n ti ń ya ọ̀nà tí o gbà. Mo rí ìlà pupa kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ilé rẹ, ó lọ sí ọ̀dọ̀ Màmá Títì, ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Ó ti lọ títí ìlà náà fi nípọn bí okùn tí a fi ń fa omi kànga. Mo ní kí ó fi ọ̀nà tèmi hàn mí. Ó fi ìka wá a títí, ó rí i, ó rí tín-ín-rín, ó funfun, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo ní kò burú, ṣebí o ní ṣọ́ọ̀kì tí o fi ń sàmì sí aṣọ, mú pupa níbẹ̀ kí o fà á gun òkè dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní kì í ṣe ọwọ́ ló ń fà á, pé àfi kí oníkẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ kí ìlà tó tẹ̀ lé e. Mo ní kí ó pa fóònù rẹ̀.

Kò pa á. Ó tún fi hàn mí pé lábẹ́ ìlà pupa yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tẹ àtàǹpàkò. Gbogbo wọn pátá. Ẹnu yà mí. O ní ọ̀kan jẹ́ dókítà, ọ̀kan jẹ́ lọ́yà, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, àtàǹpàkò ni wọ́n ń tẹ̀ bíi tèmi ní báǹkì. Má jẹ́ kí irú wọn gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí táyà.

Màmá Títì náà a sì máa gbé àwòrán rẹ sójú fóònù. Ìwọ rèé pẹ̀lú akoto lórí, tíì àti búrẹ́dì rẹ̀ rèé, òun náà rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun nìkan ló ní ọmọ láyé. Tó bá di ọjọ́ kejì, àwòrán náà á ti pòórá. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún gbogbo èèyàn. Irọ́ ni. Fóònù fúnra rẹ̀ kò lè gba ìṣe obìnrin yẹn ju ọjọ́ kan lọ.

Télọ̀ dá ọwọ́ dúró níbí, ó ní Màmá, ẹ̀ ń jowú. Mo ní kọ ọ́ sílẹ̀. Mò ń jowú. Mò ń jowú obìnrin náà, mò ń jowú títì rẹ̀, mò ń jowú búrẹ́dì. Ọ̀dọ̀ ta lo gbé títí o fi wọ ilé ìwé girama? Ta ló ń gbé ẹsẹ̀ rẹ lé itan, tó ń yọ ẹ̀gún níbẹ̀, tí o ń pariwo bí ẹni pé wọ́n ń pa ọ́? Ó wá di pé ẹni tí ìjọba da ọ̀dà síwájú ilé rẹ̀ ló ni ọmọ.

Mo wọ bàtà, mo lọ bá Bàbá Táyà, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìsàlẹ̀ òkè. Mo ní kí ó là mí lójú. Ó gbé táyà méjì kalẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tó nípọn, ó ní iye rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tó nípọn jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìwọ tí o ti pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kí ni o fẹ́ fi ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣe? Àbúrò rẹ ni. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló lè mú ọ dé ilé. Bàbá Táyà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ orí, fífẹ̀ rẹ̀ ni. Mo ní kò burú, ẹni tó bá dàgbà náà ló máa ń fẹ̀.

Ó ní lábẹ́ rọ́bà èyí tó nípọn, wọ́n tẹ́ aṣọ líle kan síbẹ̀ tí ẹ̀gún àti àfọ́kù ìgò kì í tètè gún kọjá. Ó ní rọ́bà rẹ̀ máa ń di ilẹ̀ tútù mú, kì í jẹ́ kí èèyàn yọ̀ ní kọ́nà. Ó ní kò fẹ́ kí èèyàn fún un ní atẹ́gùn púpọ̀ bíi ti tẹ́ẹ́rẹ́, pé tó bá rọ̀ díẹ̀, òkúta kò ní máa gbọ̀n ọ́ ní eyín. Ó ní ẹni tó bá fi í ṣe ìdánrawò, kí ó wá fi tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní ọjọ́ ìdíje, á fò. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wúwo díẹ̀, kò sì ní sáré tó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀dà. Mo ní ta ló pe ìyẹn ní àbùkù? Ó ní kí o kọ́kọ́ wo àyè tó wà láàárín táyà àti irin tó dì í mú, nítorí kẹ̀kẹ́ eré mìíràn kì í gba táyà tó fẹ̀, á máa ha irin, ẹrẹ̀ á sì há síbẹ̀. Lọ wò ó lónìí. Tí àyè bá wà, o kò ní àwáwí mọ́.

Èmi kì í gba ẹni tó ń tajà gbọ́, nítorí náà mo gba àgékù táyà méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ wọ́n sómi, mo sá wọn sórí páànù. Télọ̀ fi abẹ́rẹ́ gún tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọlé bí ẹni tí wọ́n pè. Ó gún èyí tó nípọn, abẹ́rẹ́ kán. Ó ń bínú títí di ìsinsìnyí, ó ní abẹ́rẹ́ máṣíìnì ni. Mo wá jù wọ́n sí ewúrẹ́. Ó rún tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ tán. Ó fi imú kan èyí tó nípọn, ó wò mí lójú, ó yí padà. Kí ni ọ̀gá tó ń kọ́ yín tún fẹ́ sọ?

Ní ìjẹta ni Màmá Títì pè mí sórí fóònù télọ̀. Ó kí mi, mo kí i. Ó ní òun fẹ́ ra táyà fún ọmọ. Mo ní ó ṣeun. Ó ní kí n má bínú pé ọmọ kì í lè dé ọ̀dọ̀ mi, pé ọ̀nà mi ni kò dára. Mo ní ọ̀nà mi kò bú ẹnikẹ́ni. Mo wá bi í pé tí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ? Ó wá ní ọmọ kì í jókòó. Ó ní ńṣe lo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú akoto lórí, o máa mu tíì lóòró, o máa wo aago, wọn á ya àwòrán, o ti lọ. Ó ní òun kì í tíì gbé àga jáde tán tí òun á ti máa wo ẹ̀yìn rẹ lókèèrè. Ó ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí o bá sì sọ, Màmá Òkè ní báyìí, Màmá Òkè ní báyẹn, pé ó ti sú òun.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní kí ó tún un sọ, pé fóònù kò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ.

Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò ṣe obìnrin náà lóore. Táyà tó ń sáré dé ọ̀dọ̀ èèyàn, sísáré náà ló máa fi kúrò níbẹ̀. Ra èyí tó nípọn, Kíákíá, kí o máa rọra bọ̀.

Mo sọ̀rọ̀ dé ibí, télọ̀ gbé bíró sílẹ̀. Ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, táyà tó lè gbé e wá nínú òjò, ṣé kò ní gbé e lọ nínú òjò ni? Ó ní ẹrẹ̀ tí ẹ̀ ń bá jà yìí nìkan ló lè dá a dúró títí di ọjọ́ kejì. Ó ní ohun tó máa fi sá fún yín lẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kí ó rà. Mo wò ó. Mo ní télọ̀, mo ní kí o kọ̀wé, mi ò ní kí o ronú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Mo ti rò ó tán. Ra èyí tó nípọn. Ibi tó kù, ọwọ́ mi ni kí o fi í sí.

Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ owó. Owó fóòmù ni. Èyí tí o ń sùn lé nígbà tí o wà nílé ti tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn á máa ka irin bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ rẹ̀. Má fi owó náà ránṣẹ́ sínú fóònù. Ọmọbìnrin tó ń san owó fóònù fún wa máa ń yọ tirẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í kí èèyàn. Fi í sí àpò tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù kẹ̀kẹ́ rẹ, kí o kà á sí mi lọ́wọ́ nínú yàrá mi. Tí o bá fi í sí fóònù, mi ò ní lọ gbà á. Kí ó wà níbẹ̀ kí ó máa dá gbé.

Kí ọ̀nà mọ̀ ọ́ dáadáa. Kí òkúta yà fún ọ. Kí ẹ̀gún tó yẹ kó gún táyà rẹ gba ibòmíràn lọ, kí ó lọ máa gbé létí títì, mi ò dárúkọ ilé ẹnikẹ́ni. Kí o dàgbà, kí o darúgbó, kí o ní ọmọ ọmọ tìrẹ, kí àwọn náà lọ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí ojú rẹ lè rí i. Télọ̀ ní èpè ni èyí. Mo ní àdúrà ni, kí ó kọ Àmín sí i.

Tí o bá ń bọ̀, má gbé pọ́ǹpù dání. Mo ti bá Bàbá Táyà sọ ọ́ pé tí o bá wá yá tirẹ̀, kí ó ní ó ti bàjẹ́. Ó bi mí pé báwo ni táyà tí aṣọ líle wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ jò. Mo ní kò ní jò nígbà tó bá ń bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó bá dé ló máa jò, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, ó ti fi ibi tí wọ́n ti ń tú atẹ́gùn inú rẹ̀ hàn mí.

Èmi ni, ìyá bàbá rẹ.