Ibi Tí Katakata Ẹgbẹ́ Ìyá Yóò Máa Sùn

Àìkú, 16 Ẹrẹ́nà 2025

Mo ti fi ẹnu mi kó bá ara mi. Lẹ́yìn ìsìn, Ẹgbẹ́ Ìyá ṣèpàdé lórí katakata kékeré tí a rà fún oko ìjọ ní Ìkòyí-Ilé. Ààrẹ bèèrè ẹni tó ní ibi tí yóò máa sùn, ibi tó ní òrùlé, tó ní àgádágodo. Kí n tó mí, Màmá Victoria ti dìde. Àwọn ní àyè ní Ọjà Igbó, àwọn ní géètì, àwọn ní mẹ́gàádì, àwọn ṣáà ní gbogbo nǹkan. Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi náà ní ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́yìnkùlé." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wá lọ́la, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò ní Àbámẹ́ta. Bí ohun èlò rẹ̀ kan bá wà níta, katakata di ti Màmá Victoria ní Ọjà Igbó nìyẹn.

Mi ò purọ́. Ṣẹ́ẹ̀dì wà. Olóyè ló wà nínú ẹ̀.

Olóyè – ọkọ̀ Píjò 504 ẹlẹ́yìn gígùn ti Bàbá Dámisí, ọkọ mi. Dámisí ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ọkọ̀ náà dákẹ́. Dámisí ti di ìyá ọmọ báyìí. Olóyè kì í ṣiṣẹ́, kì í lọ síbì kan, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ni mo ṣe fi í joyè.

Ajé, 17

Ó dé. Sàídù tí yóò máa wà á fún wa ló gbé e wá. Pupa foo! Pupa náà ni mò ń pè é. Àmọ́ ẹrù tó bá a wá – ẹ gbà mí o. Ríjà tí í kọ ebè wà lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ ìtúlẹ̀ tún wà lọ́tọ̀, àti árò tí í fọ́ ògúlùtu. Irin gidi. Abẹ ìtúlẹ̀ wà ní pálọ̀ báyìí, lábẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa. Árò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo bẹ Bàbá Dámisí kí wọ́n jẹ́ ká gbé Olóyè jáde. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, ọkọ̀ yẹn máa tó jí, plọ́ọ̀gì nìkan ló kù. Plọ́ọ̀gì! Láti ayé Nóà, plọ́ọ̀gì nìkan ló kù.

Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà. Ìbínú ni mo fi sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹran ló yẹ kí n fi sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo fẹsẹ̀ kọ abẹ ìtúlẹ̀. Èékánná lọ. Mi ò bínú.

Ọjọ́rú, 19

Bàbá Dámisí ní kí Pupa àti Olóyè jọ máa gbé ṣẹ́ẹ̀dì náà, pé àyè ń bẹ. Ó dáa. Sàídù rọra wa Pupa wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Olóyè. Ó wọlé o! Ṣùgbọ́n Sàídù ò ríbi sọ̀ kalẹ̀. Orí Olóyè ló gbà jáde, tòun ti bàtà oko. Igbe tí ọkọ mi ké, o ò bá rò pé ọmọ ló tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn sì kọ̀, kò pa dé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. A tún gbé Pupa jáde.

Ọjọ́bọ̀, 20

Òjò àkọ́rọ̀. Atẹ́gùn ká tàpólì tí a fi bo Pupa kúrò lórí rẹ̀, ó di ilé kejì. Mo sáré tẹ̀ lé e nínú òjò, ìró ní ọwọ́ kan. Bàbá Dámisí dúró sẹ́nu ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Olóyè wọn, àwọn méjèèjì gbẹ táútáú.

Lẹ́ńtì bá bàjẹ́. Mo ní òkú ni wọ́n ń tọ́jú, kí wọ́n kúkú gbẹ́lẹ̀ fún un.

Bàbá Dámisí fọwọ́ lé orí Olóyè. Wọ́n wá ní, "Ọkọ̀ yìí ni mo fi lọ gbé ọ ní Ọ̀yọ́. Ó kú nítòsí ọjà Akẹ̀sán. O bọ́ sílẹ̀ tìwọ taṣọ ìyàwó, o bá mi tì í. O ò bínú lọ́jọ́ yẹn."

Òótọ́ ni. Bàtà funfun mi di ẹlẹ́rẹ̀, ẹ̀rín ni mò ń rín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ.

Ẹtì, 21

Mo fi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin bẹ̀ wọ́n. Mo ní mi ò ní kí wọ́n tà á, abẹ́ igi káṣú ẹ̀gbẹ́ ilé la kàn máa gbé e sí. Wọ́n gbà, bí àwọn bá máa di sitiárín mú.

Ṣé wọn ò lọ wọṣọ ni? Bùbá, ṣòkòtò, fìlà! Sàídù fi ṣéènì so Olóyè mọ́ Pupa. Adìẹ aládùúgbò mẹ́ta fò jáde láti ìjókòó ẹ̀yìn. Kò sáyè láti yí lẹ́yìnkùlé, a ní láti gba títì yí àdúgbò po. Bàbá Dámisí ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Họ́ọ̀nù ti kú, ẹnu ni wọ́n fi ń fun ún: pọ́ọ̀! pọ́ọ̀! Àwọn èèyàn ń kígbe, "Ẹ kú oríire o, ọkọ̀ ti jí!"

Bàbá Dámisí ń dá wọn lóhùn: "Plọ́ọ̀gì nìkan ló kù!"

Wọ́n ní kí Sàídù tún yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́.

Olóyè ti dé abẹ́ káṣú, Pupa àti ríjà ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ ṣẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn pa dé. Àmọ́ ó kún dẹ́múdẹ́mú. Abẹ ìtúlẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀, árò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀la ni Àbámẹ́ta. Mo gbé.

Àbámẹ́ta, 22

Mo ti ọjà dé, pálọ̀ ṣófo. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣófo. Kí n tó bèèrè, Ààrẹ ti wọlé, Màmá Victoria lẹ́yìn wọn. Wọ́n yẹ ṣẹ́ẹ̀dì wò. Màmá Victoria fi ohùn oyin bèèrè pé, "Àwọn yòókù ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

Bàbá Dámisí jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn Olóyè. Wọ́n ti yọ àwọn ìjókòó. Abẹ ìtúlẹ̀ rèé, árò rèé, gírísì ń dán lára wọn. Ọkọ mi àti Sàídù ló kó wọn síbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́jà.

Ọkọ mi ní, "Òrùlé rèé, mà. Àgádágodo rèé."

Màmá Victoria ní ṣebí òkú mọ́tò lèyí.

Ọkọ mi ní, "Rárá o, mà. Sítọ́ọ̀ Ẹgbẹ́ Ìyá ni."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Katakata ò lọ síbì kan! Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi Bàbá Dámisí ṣe alábòójútó sítọ́ọ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo nínú Ẹgbẹ́ Ìyá. Mo dì mọ́ ọkọ mi lójú gbogbo wọn.

Ajé, 24

Òní la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtúlẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò gbé Pupa lọ sí Ìkòyí-Ilé ti dúró níta. Ó ku abẹ ìtúlẹ̀. Mo ní kí Bàbá Dámisí fún mi ní kọ́kọ́rọ́ Olóyè.

Wọ́n ní ta ló rán mi.

Mo ní igbákejì ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìyá ni mí! Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò tíì wọṣẹ́, àwọn ń mu tíì. Sàídù ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Iwájú Olóyè ni mo jókòó sí kọ èyí. Àjíǹde ṣì jìnnà, mi ò sì gbọdọ̀ bínú. Bàbá Dámisí ti tún gé búrẹ́dì mìíràn sí tíì wọn.