Orin Mi Tí Wọ́n Yọ

Jidá, Àlàmísì, 2014

Má bínú, ìwé mi, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò dáa, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè wá sí mi lọ́kàn.

Àlàájà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wá láti Kudai ní Mẹ́kà, rí fọ́tò mi lára orin tí mò ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Ìyàwó, ojú ẹ lò ń tà àbí orin?" Ló bá ní kí ọkọ mi yọ orin náà, kó tún gbé e síbẹ̀ láìsí fọ́tò. Ìyẹn náà sì yọ ọ́.

Àwọn tó ń to orin sípò kì í ka títà orin tí wọ́n bá ti yọ, bí wọ́n tiẹ̀ gbé e padà. Ipò kẹta ni mo wà láàárọ̀. Ní báyìí, mi ò sí níbì kankan.

Mo kórìíra obìnrin yẹn. Àmọ́ orin mi ṣì dùn.

Àlàájà ń pè mí láti pálọ̀. Lónìí, màá wò ó lójú, màá sọ pé orin ni mò ń tà, kì í ṣe ojú mi.