Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Àkísà Ara Igi Kòkó Ìyàwó Ọmọ Mi

Èmi ni mo ṣe é. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, mo mọ ara mi, màá tún wá ibi tí mo máa yà sí... Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, arúgbó ni mí, mi ò mọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé. Ọmọ ọmọ mi ló máa ń ka ìwé ìròyìn yín sí mi létí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń kọ eléyìí, ó ń tún ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi ṣe sí èdè inú ìwé kí ẹ lè gbọ́ ọ. Mo ti ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń dá àwọn ènìyàn lóhùn, ẹ kì í fi bò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi bò fún èmi náà.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Àkúrẹ́. Ìyàwó tó fẹ́, ọmọ Ijagba ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Tóyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tóyìn kọ́ ni orúkọ ọmọ rẹ̀. Tóyìn yẹn gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Mo mọ̀ pé ìwà ìkà ni kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ta ni kí n pè? Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀wé nínú ilé, bí mo bá sì gbé e lọ bá olùkọ́ ìjọ wa, kí wọ́n tó lu agogo ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú á ti gbọ́. Ó ti gbójú sókè wò mí báyìí. Kò tíì mọ ibi tí mò ń lọ. Máa kọ ọ́, Tóyìn.

Lẹ́yìn tó bí Tóyìn, kò bí mọ́. Dípò kó wá ọmọ kún ọmọ, ó ní òun ń padà sí yunifásítì. Iṣẹ́ àrùn kòkó ló ní òun ń kọ́, àrùn tó máa ń sọ kòkó di dúdú lórí igi bí òjò bá ti pọ̀. Ó rí ewé kan tó ní omi rẹ̀ lè ṣẹ́gun àrùn náà. Oko ta wá ni ó ti máa dán an wò? Oko mi! Àwọn igi tó wà létí odò, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn nígbà tí mo lóyún bàbá Tóyìn, ọmọ mi kàn kó o lé e lọ́wọ́, kò bi mí. Ẹnu alágbàṣe ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá ọkọ, ṣé kò ní dùn yín? Ọjọ́ tó wá so àkísà mọ́ igi, ó so pupa mọ́ mẹ́wàá tó fẹ́ fi òògùn rẹ̀ sí, ó so funfun mọ́ mẹ́wàá tó fẹ́ fi omi lásán sí. Mo na ọwọ́ sí kòkó kan kí n wò ó, ó sì sọ níwájú àwọn alágbàṣe pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ọwọ́ yín má lọ kó àrùn ràn án." Ọwọ́ èmi! Ọwọ́ tó gbin igi! Àwọn alágbàṣe wolẹ̀, wọn ò mọ ibi tí wọ́n á gbójú sí. Mi ò bínú lójú wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "O ṣeun, ìyàwó, n ò mọ̀ ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, torí òun ló fi sùúrù ṣàlàyé ẹ̀, ẹni ibi kan kọ́ ni. Ó ní ohun kan wà bí òwú funfun tó máa ń hù lára kòkó tó bá ti bu. Òun á fi awò wò ó ní yunifásítì, awò tó ń sọ ohun tí ojú ò rí di gbàgàdà, òun á ya fótò rẹ̀, òun á wá gbé fótò náà sínú kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bó ẹran kúrò lára òwú náà, kó máa bó o, kó máa bó o, títí á fi ku egungun nìkan, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Kọ̀ǹpútà á wá ka ibi tí egungun náà ti yà àti ibi tó parí sí. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá pọ̀, àrùn náà ń gbèrú nìyẹn, bó bá kéré, òògùn ti ń mú un. Ó kó àwọn fótò àkọ́kọ́ wá hàn mí lẹ́yìnkùlé, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi ìka tọ́ ọ sí mi ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ọmọ tuntun han ènìyàn. Lójú mi, ó dà bí ìgbà tí èèyàn jẹ ẹja tán tó tẹ́ egungun rẹ̀ sórí àwo dúdú. Ó wù mí wò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó wá bá mi bó ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ni mo bá ní, "Ìyàwó, egungun ọmọ tuntun ni kó o lọ máa kà wá fún mi, kì í ṣe egungun nǹkan tó bu." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó kó fótò rẹ̀ jọ, ó wọlé.

Wàyí o... kò kọ nọ́ńbà sára àwọn igi náà. Olùkọ́ rẹ̀ àgbà ní yunifásítì ní kó kọ ọ́, Ìyá Tóyìn ló ní kò pọn dandan, pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ti so nǹkan mọ́ igi nínú oko, ààlè ni, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a máa ń sọ pé ọmọ àlè ló ń rí ààlè tí kì í yà. Ohun tó gbọ́kàn lé nìyẹn. Ó tún wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun ṣọ́ àkísà náà, kí ewúrẹ́ tàbí atẹ́gùn má tú u. Èmi ni ẹ̀ṣọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló máa ń wá fín òògùn, ìparí oṣù ló máa ń wá ká kòkó tó máa gbé lọ. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é, nígbà òjò, ọdún méjì sẹ́yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa wá ká a, màá lọ sí etí odò, màá tú gbogbo pupa, màá so ó mọ́ igi tó gba omi lásán, màá so funfun mọ́ igi tó gba òògùn. Ó máa ń so ó le, eyín ni mo fi ń tú kókó rẹ̀ nígbà mìíràn. Mo kọ́ bó ṣe ń ta kókó náà kó má baà fura. Bó bá ti ká tirẹ̀ lọ tán, màá padà lọ dá gbogbo rẹ̀ sí ipò, kó lè fín òògùn sí igi tó tọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbínú kì í ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta... mo mọ̀ ọ́n.

Tóyìn ti dá ọwọ́ dúró. Mo ní kó máa kọ ọ́. Ó ti jáde síta.

Ó ti padà wọlé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní kó ya ìwé náà bó bá fẹ́, ó ní rárá, kí n máa sọ ọ́ lọ, kí n má fo nǹkankan.

Mi ò ní fò ó. Nígbà tí egungun oṣù kìíní jáde, igi tó ní àkísà pupa ni àrùn ń ya ẹ̀ka lára rẹ̀ jù. Ó ṣe é lóṣù kejì, bákan náà. Ó wá jókòó nínú ilé ìdáná mi, ó bi mí pé, "Màmá, àbí òjò ló ń fọ òògùn náà dànù?" Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi." Mo bu iyán fún un. Mo wò ó tó ń jẹ ẹ́, kò lè gbé e mì, adùn wá wà nínú ọkàn mi bí ẹni lá oyin. Nígbà tí oṣù kẹta tún rí bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun ṣọ́ àkísà dáadáa, pé òun ò rí ẹyọ kan tó jábọ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi! Mo gbàdúrà sí i lórí. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gba ara Olúwa, mo sì ti ń gbà á láti ìgbà náà. Kí ni mò ń jẹ gan-an? Ta ni kí n bi?

Wọ́n da iṣẹ́ rẹ̀ nù ní yunifásítì, wọ́n ní òògùn rẹ̀ ń bọ́ àrùn ni. Ó gbé páálí fótò rẹ̀ délé, ó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta yẹn ni mo pe ọmọ mi, mo ní ìyàwó tó fi ilé sílẹ̀ lọ ka egungun, kò rí ìwé-ẹ̀rí, kò rí ọmọ, kí ló wá kù tó ń dúró dè? Mo sọ ọ́ lójoojúmọ́ tó bá ti wálé. Omi tó ń kán sójú kan, ẹ mọ ohun tó ń ṣe sí òkúta. Nígbà tó gbà, èmi fúnra mi ni mo lọ tọrọ ìyàwó mìíràn fún un ní Uso. Ìyá Tóyìn kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ijagba. Wọn ò jẹ́ kó mú ọmọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó mú un.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, bóyá màá gbé e wọ ibojì. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ àgbà yẹn, àdírẹ́ẹ̀sì ilé wa ló fi ránṣẹ́. Ó ní òun kó àwọn fótò Ìyá Tóyìn sínú ètò tuntun kan tó ń bó egungun dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun sì rí i pé ohun tó jáde lóṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba jù, àfi bí ẹni dojú ìwé délẹ̀. Ó ní ká ní òògùn náà kò ṣiṣẹ́ ni, egungun náà á rí jágbajàgba, kò ní yí padà gún régé báyẹn. Ó béèrè bóyá ẹlòmíràn so àkísà sódì lẹ́yìn rẹ̀. Pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òògùn rẹ̀ ṣiṣẹ́, òun á sì pè é padà. Ọmọ mi ka lẹ́tà náà, ó ní, "Ìyá mi ló ṣọ́ ọ, ìyá mi ò lè ṣe irú ìyẹn. Obìnrin yẹn fúnra ẹ̀ ló ń fín òògùn sí funfun dípò pupa, orí ẹ̀ ò pé." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí olùkọ́. Mo jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gúsí ni mò ń ṣà. Mi ò dá ọwọ́ dúró.

Olùkọ́ ò sì pè é mọ́. Ta ló máa pe ẹni tó fín òògùn sódì lẹ́ẹ̀mẹ́ta?

Tóyìn ló mú ọ̀rọ̀ náà dé Ijagba nígbà tó lọ kí ìyá rẹ̀. Ìròyìn tó mú padà wá ni mo fi pinnu láti kọ̀wé sí yín. Ó ní ìyá òun kò jiyàn rárá. Ìyá rẹ̀ ní òun ló fín ín sódì lóòótọ́, pé ọwọ́ òun ni, ojú òun ni. Ó ní láti ìgbà náà, ìyá òun kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá fẹ́ ra tòmátì, á bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá ó pọ́n. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé tẹ́lẹ̀, ó ti fi sílẹ̀, ó ní òun lè lọ máàkì ohun tó tọ́ ní àìtọ́. Bí Tóyìn ṣe ń bọ̀, ó na aṣọ ilé-ìwé sí ọmọ, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi wò ó, ṣé funfun nìyí?" Aṣọ funfun báláú! Ọ̀mọ̀wé obìnrin tó ń rí ìlà tín-ín-rín tí ojú èmi ò lè rí... Àwọn kan nílé wọn ti ń sọ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún ẹni tórí rẹ̀ dàrú. Orí rẹ̀ ò dàrú! Èmi ni mo mọ̀ pé kò dàrú, èmi nìkan lórí ilẹ̀ ayé.

Báyìí, àwa méjì la mọ̀ ọ́n. Tóyìn ní òun á fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí yín, òun á sì dúró de èsì yín, ṣùgbọ́n kí ilé-ìwé tó wọlé, òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá òun, òun á sì mú ẹ̀dà rẹ̀ dání. Pé bí mi ò bá tíì dé iwájú ìyá òun kó tó di ọjọ́ yẹn, òun á kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pariwo. Kò pè mí ní "Màmá" láti ìgbà tó ti wọlé padà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọmọ mi, tí màá fi kú láìní ọmọ? Ìyàwó tuntun ti lóyún, ṣé kí n da ilé kejì rú lórí àkọ́kọ́ tí mo dàrú? Kí n má purọ́ fún yín, mi ò fẹ́ kí Ìyá Tóyìn padà sílé ọmọ mi, títí di ìsinsìnyí mi ò fẹ́ ẹ... ojú rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ dá padà fún un. Ẹ̀rù ìtìjú ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ju ìyẹn lọ. Mo mọ obìnrin náà. Bí mo bá dé Ijagba, tí mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, tí mo ní èmi ni, kò ní gbà. Á gbé mi dìde, á ní, "Màmá, ẹ ṣeun, àánú mi ló ṣe yín, ẹ má ru ẹ̀bi mi." Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n wá sọ fún un tó máa fi gbà gbọ́ pé ojú òun kò ṣe nǹkankan, pé ọwọ́ mi ni?